Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́ àti Wákàtí Lẹ́yìn Ìbálòpọ̀ Tí Kò Ní Ìdáàbòbò

Ẹ̀yin obìnrin Òṣogbo tí ẹ máa ń wọlé wá bá wa ní yàrá ìfètòsọ́mọbíbí, ìbéèrè kan náà ni ẹ sábà máa ń bi wá, ẹ ó sì kọ́kọ́ rẹ ohùn yín sílẹ̀: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé oyún ti dé nìyẹn?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí ní ọjọ́ kejì ìbálòpọ̀, nítorí kò sí àyẹ̀wò kankan tí ó lè rí i nígbà náà. Ohun tí a lè mọ̀ ni bí ewu náà ti pọ̀ tó, iye wákàtí tí ó ṣẹ́kù láti fi ṣe nǹkan sí i, àti ọjọ́ tí àyẹ̀wò yóò sọ òótọ́ fún wa. Kàlẹ́ńdà àti bírò ni a ó fi mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ àti àsìkò tí ìbálòpọ̀ náà wáyé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín tí ó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ó dá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í kà. Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tí ó ń bọ̀. Ẹyin náà kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ kí ó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5, tí yóò máa dúró de ẹyin. Ìdí nìyí tí ewu fi pọ̀ jù ní ọjọ́ 5 tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ẹyin jáde, àti ní ọjọ́ náà gan-an.

Nítorí pé ìlú aró ni Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí a fi aláró kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí aró àdìrẹ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ bí ó ti ń fi ìka tọ kàlẹ́ńdà. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 28, èyí tí yóò bọ́ sí ọjọ́ 31. Bí a bá ka ọjọ́ 14 sẹ́yìn, ọjọ́ 17 ni a ó retí pé kí ẹyin jáde, ewu rẹ̀ yóò sì pọ̀ jù láti ọjọ́ 12 títí di ọjọ́ 17. Bí rọ́bà bá bẹ́ mọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14, àárín ewu gan-an ni ó bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá pẹ́ tó ọjọ́ 32 ní oṣù náà, ọjọ́ 21 ni ẹyin yóò jáde, a kì í sì í mọ èyí ṣáájú, nítorí àìsàn tàbí ìdààmú ọkàn lè sún un síwájú. N kò gbà, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò yìí dá ara rẹ̀ lójú pé òun ti bọ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá lẹ́yìn ọjọ́ 21 lè lóyún láti inú ìbálòpọ̀ tí ó wáyé bí ẹ̀jẹ̀ ti ń dá lọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ yọ kúrò kí ó tó da àtọ̀ náà sì lè lóyún. Ìyá ọlọ́mú kò gbọ́dọ̀ gbára lé ọmú àfi bí ọmọ náà kò bá tíì pé oṣù 6, tí ó jẹ́ ọmú nìkan ni ó ń mu tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù ìyá rẹ̀ kò sì tíì padà.

Bí ẹ kò bá fẹ́ oyún, wákàtí ni ẹ ó máa kà báyìí. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Postinor, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ levonorgestrel, ni ó wọ́pọ̀ jù ní kẹ́míìsì. Mílígíráàmù 1.5 ni a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; bí hóró 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.75 bá wà nínú páálí, ẹ lè lo méjèèjì pọ̀. Kí wákàtí 72 tó pé ni ó dára jù, agbára rẹ̀ sì ń dín kù lẹ́yìn náà títí di wákàtí 120. Ńṣe ni ó ń dá ẹyin dúró kí ó má tíì jáde. Kì í ṣẹ́ oyún tí ó ti dúró, kò sì ní agbára kan lórí ẹyin tí ó ti jáde, ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi í di ọ̀la. Bí ẹ bá bì kí wákàtí 2 tó pé, ẹ lo òmíràn. Ẹ sọ fún apòògùn bí ẹ bá ń lo oògùn ikọ́ ife, oògùn wárápá tàbí ti HIV, nítorí àwọn kan nínú wọn ń dín agbára rẹ̀ kù.

Èyí tí ó lágbára jù ni lúùpù tí a fi bàbà ṣe, tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fi í sí ilé ọmọ láàárín ọjọ́ 5. Nínú obìnrin 100 tí wọ́n fi í sí fún, kì í tó ẹnì kan tí ó ń lóyún. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Àsùbíárò.

Ó máa ń dùn mí wọra nígbà tí ọmọdébìnrin bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ kẹfà, tí ó ní omi iyọ̀ ni wọ́n ní kí òun máa mu. Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, kánún, ògógóró àti Ampiclox, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń dènà oyún. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a fi rí oògùn gidi ni wọ́n ń jẹ lọ.

Ẹni tí wọ́n bá fi ipá bá lò pọ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí oògùn tí ń dènà HIV náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.

Lẹ́yìn oògùn, nǹkan oṣù lè yá tàbí kí ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe ka ẹ̀jẹ̀ tí ó kán tó-tó-tó sí nǹkan oṣù. Bí inú bá ń run yín gan-an nísàlẹ̀ ikùn lápá kan, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín títí ẹ fi fẹ́ dákú, ẹ má ṣe dúró sílé, nítorí oyún lè dúró síta ilé ọmọ. Bí kò bá sí èyí, ẹ fi ìtọ̀ àárọ̀ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ọjọ́ 21 bá pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni aláró wa yóò fi bírò yí po lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀.