Wíwo Ẹyẹ Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé, Láìjó Epo

Lítà epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo tó bá jó nínú mọ́tò, nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń tú jáde. Afẹ́fẹ́ yìí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, tó sì ń da àsìkò ìrìnàjò àwọn ẹyẹ rú. Ó dùn mí pé ìfẹ́ ẹyẹ ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wọ mọ́tò lọ wò wọ́n lọ́nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹyẹ tí ẹ bá rí níbi tí ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ dé nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, Dorian Anderson, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ràn wíwo ẹyẹ, fi kẹ̀kẹ́ rin Amẹ́ríkà fún odindi ọdún kan, ó sì rí oríṣi ẹyẹ 618. Ẹ̀yin ò ní láti jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ lè rìn yí ká láàárín wákàtí kan tó, pàápàá tí oko bá pààlà pẹ̀lú igbó níbẹ̀, tàbí tí omi bá wà nítòsí koríko. Ibi tí ilẹ̀ méjì ti pàdé ni ẹyẹ máa ń pọ̀ sí jù.

Ìdájí ni kí ẹ jáde. Tí oòrùn bá ti mú, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á ti dákẹ́. Ẹ dúró lábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìmira. Àwọn tó sá pamọ́ nígbà tí ẹ dé á tún yọjú. Etí ló máa ń kọ́kọ́ rí ẹyẹ, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í sì í jẹ́ kí etí ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá ní awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára dára: ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 8, fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 42. Ẹ má fi awò wá ẹyẹ kiri o. Ẹ tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, kí ẹ wá gbé awò sójú láìgbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ wo àgógó rẹ̀. Èyí tó kúrú tó sì nípọn, ọkà àti èso wẹ́wẹ́ ló ń jẹ. Tínínrín, kòkòrò ló ń ṣà. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, ẹran ló ń ya. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi àti iye sínú ìwé kékeré kan.

Àgbẹ̀ ni ìwé yìí máa ń ṣe lóore jù. Lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù, tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè ló ń jẹ. Tí ẹ bá rí ìṣù dúdú tó kún fún irun àti egungun eku lábẹ́ igi, òwìwí ló pọ̀ ọ́, ó sì ń bá yín ṣọ́ oko lóru. Nítorí náà, kí ẹ tó lé ẹyẹ kúrò lórí ohun ọ̀gbìn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Nínú àgbàlá, àwo omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ tó láti pè wọ́n. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Tí ẹyẹ kan bá sì ń ké léraléra tó ń fò yí yín ká, ẹ ti súnmọ́ ìtẹ́ rẹ̀ jù. Ẹ rọra padà sẹ́yìn.