Nígbà tí láíbírì bá ń bára wọn jà lórí kọ̀ǹpútà oko

Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti agboolé, Òṣogbo

Bí ẹ bá ń sin adìẹ ní Òṣogbo, tí ẹ sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹyin àti oúnjẹ adìẹ, ó lè jẹ́ ọmọ yín ló fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò náà. Ètò bẹ́ẹ̀ kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ó ń lo láíbírì, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí a máa pè ní module níhìn-ín. pandas ló ń bá a to àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, NumPy ló sì ń bá pandas ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gbé module mìíràn wọlé, ìyẹn lè fa NumPy tuntun lọ́wọ́, kí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lánàá wá ta kú.

Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ sábà máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí (pip ni ètò tó ń gbé module wọlé fún Python):

python -m pip check

Yóò sọ module tó ń bèèrè ẹ̀dà kan tí kò sí níbẹ̀. Ẹ tún tẹ python -m pip --version, kí ẹ lè mọ Python tí pip ń kó ẹrù fún. Kọ̀ǹpútà kan lè ní Python méjì.

Ìjà NumPy

Oṣù Kẹfà 2024 ni NumPy 2.0 jáde. Module tí wọ́n kọ́ mọ́ NumPy 1 lè má bá a ṣe. Ohun tí ẹ máa rí ni “A module that was compiled using NumPy 1.x cannot be run in NumPy 2…” Bí module yẹn bá ti ní ẹ̀dà tuntun, òun ni kí ẹ gbà. Bí kò bá ní, ẹ dá NumPy padà:

python -m pip install "numpy<2"

Ẹ má yọ àmì "" yẹn o. Lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà máa rò pé ẹ ní kí òun lọ ka fáìlì tó ń jẹ́ 2.

Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀

Èyí ló dára jù lójú tiwa, torí ìjà ò ní ráyè bẹ̀rẹ̀. venv máa ṣe fódà kan tó ń jẹ́ adie, níbi tí module iṣẹ́ yìí nìkan máa wà:

python3 -m venv adie
source adie/bin/activate

Lórí Windows, python -m venv adie ni, lẹ́yìn náà adie\Scripts\activate. Bí Linux bá kọ “externally-managed-environment” sí yín, venv yìí náà ni ojútùú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi --break-system-packages kún un, ẹ má dá a lóhùn: Linux fúnra rẹ̀ ń lo Python yẹn. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ẹ ń gbé module wọlé, tí nǹkan sì dàrú, ẹ pa fódà adie rẹ́, kí ẹ ṣe òmíràn. Àkọsílẹ̀ ẹyin yín ò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀.

Nítorí owó dátà

Dátà kì í ṣe omi odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ohun gbogbo bá ń ṣiṣẹ́, kí orúkọ àti ẹ̀dà àwọn module yín lè wà nínú fáìlì kan, ẹ tẹ python -m pip freeze > requirements.txt. Ẹni tó bá rí Wi-Fi ní Òkè-Fìà lè wá kó ẹrù náà, ìyẹn àwọn module yẹn, sínú fódà eru lórí fláàṣì:

python -m pip download -r requirements.txt -d eru

Lóko, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì:

python -m pip install --no-index --find-links eru -r requirements.txt

Ẹ̀dà Python kan náà ni kó wà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ẹrù tí ẹ sì kó lórí Windows, ẹ má gbé e lọ sórí Linux.