Igi Ìdáná ní England: Omi Inú Rẹ̀ Lẹ Ó Kọ́kọ́ Wò

Igi wọ́rọ́kọ́ ní ń da iná rú nílé. Ní England, igi tútù ni. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í bọ ààrò onírin, omi yẹn ni iná á máa bá jà kó tó ráyè mú ilé gbóná. Èéfín á sọ, ọ̀dà dúdú á lẹ̀ mọ́ inú ihò èéfín. Ọ̀dà yìí ló máa ń gbiná lójijì, tí iná á wá bẹ́ jáde lórí òrùlé.

Òfin náà ti dá sí i. Láti ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, igi tí wọ́n bá tà tí kò tó kúbíìkì mítà 2, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ wá àmì "Ready to Burn" (ìyẹn, ó ti gbẹ tó láti dá) lára àpò rẹ̀. Bó bá tó kúbíìkì mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ta tútù fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìtọ́sọ́nà bí ẹ ó ṣe sá a. Ẹ béèrè bóyá dídà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n tàbí títò: kúbíìkì mítà 1 tí wọ́n dà gbàgà sínú ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá tò ó tán, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa kù.

Igi ash ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí omi inú rẹ̀ kò pọ̀ látilẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan tó o. Birch náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ tètè là á, èèpo rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi jáde, kíá ló ń jẹrà. Oak dà bí àyín: ẹyin iná rẹ̀ ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọdún méjì, ó kéré tán.

Ash tàbí birch tẹ́ ẹ máa dá lóṣù Kọkànlá, oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ló yẹ kẹ́ ẹ ti là á. Ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, tàbí bí ààrò yín bá ṣe gbà á, kẹ́ ẹ sì là á kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú ibi tí àáké là àti ibi tí ayùn gé ni omi ń gbà jáde. Ẹ tò ó sórí páléètì kó má kan ilẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kó kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Orí rẹ̀ nìkan lẹ ó bò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fi tapólì wé e yíká. Igi á làágùn sínú, á sì hu olú. Atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ níbí, oòrùn England kò tó nǹkan.

Bó bá ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ á sán, á fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá sì fi méjì gbára, á dún kó! Tútù á dún gbì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi igi wà lọ́jà. Ẹ la igi sí méjì, kẹ́ ẹ gún un sójú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ara òde máa ń purọ́.

Ẹ má lọ ṣẹ́gi nínú igbó láìgbàṣẹ. Ẹ̀ka tó wó lulẹ̀ pàápàá ní ẹni tó ni ín. Páléètì tí wọ́n tẹ "MB" sí lára (ìyẹn methyl bromide, oògùn olóró tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀), tàbí pákó tí wọ́n kùn, kò ṣeé dá.

Ẹ bi káńsù yín bóyá àdúgbò yín wà lábẹ́ òfin èéfín. Níbẹ̀, ààrò tí kò nílẹ̀kùn kò gbọdọ̀ jó igi rárá. Ààrò tí Defra, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àyíká, fọwọ́ sí nìkan ló lè jó o. Owó ìtanràn èéfín wà láàárín £175 sí £300. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Òun ló gbọ́dọ̀ fi áláàmù carbon monoxide, gáàsì olóró iná tí kì í rùn, sí yàrá tí irú ààrò yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá ihò èéfín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ má kó igi kún ààrò lálẹ́ kẹ́ ẹ wá dí ojú atẹ́gùn rẹ̀ pa. Tí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín nítòsí iná, ẹ jáde síta kíákíá, kẹ́ ẹ pe 999.