Bí Mo Ṣe Padà Sílé Láti Díje fún Ipò Kánsẹ́lọ̀ ní Kúdẹtì

Kí n tó lọ bá olóṣèlú kankan, káàdì ìdìbò mi ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò ní Èkó. Àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè yìí, INEC, fẹ́ dá ìforúkọsílẹ̀ dúró ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022, mo sì mọ̀ pé bí ọjọ́ náà bá kọjá lórí mi, ọ̀rọ̀ mi di ti ìgbà mìíràn. OYSIEC, ìyẹn àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ó ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ olùdìbò tí INEC bá kọ náà ni ó ń lò. Mo béèrè fún ìyípadà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì yan ibùdó ìdìbò tí kò jìnnà sí ilé bàbá mi ní Kúdẹtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn. Ọjọ́ tí káàdì tuntun tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni ọkọ mi tó gbà pé n kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Èkó, ọdún àti ìnáwó nìkan ni ó sì ń gbé mi wálé. Odò Kúdẹtì ni ó mú mi ronú sí ipò kánsẹ́lọ̀. Ẹni tí kò gbé lẹ́bàá rẹ̀ lè pè é ní gọ́tà, nítorí pé ọmọdé lè fò ó kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí àgbàrá òjò ṣọṣẹ́ káàkiri Ìbàdàn, odò yìí kan náà ni ó wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, tí ó sì gbé gbogbo ohun tí ìyá mi ń tà lọ. Nígbà tí mo wá ka àlàkalẹ̀ kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin ọdún 1999, mo rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin gbé irú nǹkan wọ̀nyí lé lọ́wọ́: gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò, ìkólẹ̀, ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, títí kan ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ọmọlanke kò wọ́n ní Ọjàaba. Ọkọ̀ ojú omi ni n kò tíì rí níbẹ̀. N kò sì rí ibi kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti ní kí kánsẹ́lọ̀ máa pín ìrẹsì.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè lórí gọ́tà, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni wọ́n fi pàdé mi. Ní ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbo ilé kiri, ìyá arúgbó kan wò mí títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ni ọ́?” Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ bàbá mi. Ó mi orí, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ọkọ ńkọ́?” Mo ní ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó ní, “Ó dáa náà. Ṣé Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní kánsẹ́lọ̀ ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Bí òkú bá kú, tàbí tí ìgbéyàwó bá dé, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọbìnrin kì í ṣe ọmọ ilé bàbá rẹ̀; owó ìdáwó rẹ̀ kò ní ṣàì pé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ipò ni wọ́n máa ń rántí pé ẹnì kan ti gbé e níyàwó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ rò pé mo ti dálémoṣú ni, pé ìyàwó tí ọkọ kò lé kò ní fi Èkó sílẹ̀ wá máa ka gọ́tà ní Kúdẹtì. Ọkọ mi ni mo fi dá wọn lóhùn. Ó wá ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Mọ́gàjì, olórí agbo ilé wa, lójú gbogbo ènìyàn, ó ní àna wọn ni òun, àwọn ni wọ́n ni ọmọ. Àhesọ náà kú níbẹ̀. Bàbá Mọ́gàjì ṣàdúrà fún wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá jáde ni àwọn yóò ṣàdúrà fún, n kò sì bá wọn jiyàn, nítorí pé ẹni tó ń retí ìgbà tí yóò jẹ Jagun, oyè tí Mọ́gàjì máa ń kọ́kọ́ jẹ ní Ìbàdàn, kì í fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹgbẹ́ òṣèlú kan pe òun.

Ìbéèrè ìyá arúgbó nìkan ni ó kù, àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n sì bá mi dáhùn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ oríkì ilé ju àwa ọmọ ilé lọ, àwọn náà ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dìbò lọ́dọ̀ wa. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ibo ni ó ti forúkọ sílẹ̀. Ó ní níbí ni. Ṣé ọmọ ibí ni? Ó ní rárá, ará Ọ̀yọ́ ni òun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní bí òun bá ní kí òun jáde níbí, wọn yóò ní ìyàwó lásán ni òun, bí òun bá sì padà sí Ọ̀yọ́, wọn yóò ní ilé ọkọ ni kí òun lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò pín ìwé tí mo tẹ̀ mọ́. Ìyàwó ilé tó dàgbà jù ni mo máa ń bẹ̀ pé kó fi oríkì mú mi wọlé, kí n tó sọ ti odò. Òkè Olúokùn, níbi tí Adégòkè Adélabú ti jáde, kò jìnnà sí wa, àwọn àgbà ibẹ̀ kò sì tíì gbàgbé ẹnu ọkùnrin tó di alága ìgbìmọ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1954. Bàbá kan sọ fún mi láìfi bò pé bí n kò bá lè pa èrò lẹ́rìn-ín bíi ti Adélabú, kí n má ka ìwé sí wọn létí.

Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wa kò pẹ́ rárá: àwa mẹ́ta la jáde, ẹnì kan yọwọ́, mo borí ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó yọ mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ, nítorí pé orúkọ bàbá mi ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ti ọkọ mi ló sì wà lórí ìwé owó orí, ó sì di dandan kí n lọ búra ní kóòtù pé ènìyàn kan náà ni àwa méjèèjì.

Ní ti owó, mo kọ gbogbo ohun tí mo ná sínú ìwé kan, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ àwọn aṣojú ní ibùdó ìdìbò ni ó gba èyí tó pọ̀ jù. N kò bá wọn ná owó “dìbò kóo sebẹ̀”, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra ìbò. N kò ní irú owó náà, bí mo bá sì ní in, n kò mọ ibi tí mo máa kọ ọ́ sí nínú ìwé mi. Àwọn ọ̀dọ́ bi mí léraléra pé ta ló ń jẹ owó tó ń wá láti Àbújá. Mo ṣàlàyé pé abala 162 nínú ìwé òfin ni ó dá àpò ìṣọ̀kan sílẹ̀, èyí tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ìyẹn lẹ́yìn tí ìbò wa ti kọjá.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni a dìbò. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìpínlẹ̀ ni wọ́n kéde pé ó gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33, ẹgbẹ́ tèmi kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn. Mo fìdí rẹmi ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n mo borí ní ibùdó ìdìbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá mi. Ìyá arúgbó tó rán mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó na àtàǹpàkò rẹ̀ tó ní tàdáwà sí mi láti orí àga, kò sọ ẹni tó dìbò fún, èmi náà kò sì bi wọ́n.

Nígbà tí a dé Èkó, ọkọ mi bi mí bóyá kí n dá káàdì ìdìbò mi padà síbẹ̀. Mo ní kó gbé tirẹ̀ wá sí Kúdẹtì.