Bí a ṣe ń kan Nieuport 11, bàálù ogun ọdún 1916, nínú gàráàjì

Ní oṣù kìíní ọdún 1916 ni Nieuport 11 dé ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Ó kéré débi pé Bébé, ọmọ ọwọ́, ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó gba òfuurufú Verdun, ojú ogun kan ní Faransé, lọ́wọ́ àwọn bàálù Fokker ti Jámánì. Lónìí, àwọn èèyàn ń kan irú rẹ̀ nílé, wọ́n sì ń fò ó. Páìpù alumíníọ̀mù sábà máa ń rọ́pò igi, ẹ́ńjìnì Volkswagen sì lè rọ́pò Le Rhône àtijọ́.

Òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ní Amẹ́ríkà, FAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, fẹ́ kí ohun tó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ jẹ́ èyí tí ẹni tó ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ máa ya fọ́tò, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́.

Tí kíìtì, àpapọ̀ ẹ̀yà bàálù tí ẹ rà láti tò pọ̀, bá dé, ẹ ka gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ ìwé tó bá a wá, kí ẹ sì wá tábìlì tó tẹ́jú dáadáa. Ìrù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, tí ọwọ́ bá ṣì ṣe níbẹ̀, owó tabua kọ́ ni yóò lọ.

Níbi rivet, ìṣó kékeré tí a fi ń so páìpù àti irin pẹlẹbẹ pọ̀, ẹ má kánjú rárá. Ẹ lu ihò, ẹ fi cleco, ohun ìdìmú tó ṣeé yọ, di páìpù àti irin pẹlẹbẹ mú, kí ẹ wò ó bóyá ó gún. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u, kí ẹ ha ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní gún yín lọ́wọ́ mọ́, kí ẹ tó fi rivet sí i. Tó bá dún “pá”, tí ọ̀pá àárín rẹ̀ já, ẹ fi èékánná wọ abẹ́ orí rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, rivet náà kò jókòó: ẹ lu ú jáde, kí ẹ fi òmíràn sí i.

Ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń ká mi lára jù. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló gbé e ró, nígbà ogun sì ni ó máa ń lọ́, tí yóò sì já, bí awakọ̀ bá dorí bàálù kodò pẹ̀lú eré àsápajúdé. Ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà níbẹ̀, ẹ má sì fò kọjá eré tí ìwé kíìtì fi òpin sí.

Kí ẹ tó da aṣọ bò ó, ẹ pe ẹni tó ti kan bàálù rí wá wo gbogbo eegun rẹ̀. Aṣọ a máa bo àṣírí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkè yóò tú u. Gúlúù ni a fi ń lẹ aṣọ polyester náà, áyọ́ọ̀nù ni a sì fi ń mú un sún kì: 121°C lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 149, kí a tó fi 177 parí rẹ̀. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ fi tẹmómítà wọn ojú áyọ́ọ̀nù gan-an, torí nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í sábà péye. Tó bá ti le bí awọ ìlù, ẹ rán an mọ́ eegun ìyẹ́, kí ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún, nítorí oòrùn máa ń jẹ polyester. Ìgbà yẹn ni àmì Faransé tó kàn: búlúù láàárín, funfun, pupa lóde.

Ìbọn Lewis, ìbọn arọ̀jò-ọta tó máa ń wà lórí ìyẹ́ òkè, igi ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ. Ẹ dè é pinpin, kó sì wà lórí bàálù nígbà tí ẹ bá ń wọn ọ́n. Ẹ́ńjìnì Volkswagen kò wúwo tó Le Rhône, ìdí nìyẹn tí imú bàálù fi lè fúyẹ́ jù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ táyà méjèèjì àti ìrù, kí ẹ ṣírò ibi tí ìwúwo rẹ̀ dúró sí. Bí ìrù bá wúwo ju bí ìwé ṣe sọ lọ, ẹ má fò ó.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ìjọba, wákàtí 40 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ fi dán bàálù oní-Volkswagen wò, ní àgbègbè tí wọ́n bá yàn fún yín. Kó tó dìgbà yẹn, kí ẹ ti kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù tí táyà kékeré rẹ̀ wà nídìí ìrù, lọ́dọ̀ olùkọ́, nínú bàálù ẹlẹ́ni méjì. Bébé kò ní àyè fún olùkọ́.