Bí A Ṣe Lè Tún Ìtàn Ìfẹ́ Inú Ìwé Àtijọ́ Sọ fún Ayé Òde Òní

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìtàn ìfẹ́ inú ìwé àtijọ́ wá sí ayé òde òní sábà máa ń kọ́kọ́ ronú aṣọ àti fóònù: yóò bọ́ kóòtù àtijọ́ lọ́rùn ọkùnrin, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́pò lẹ́tà obìnrin, yóò sì rò pé iṣẹ́ ti bùṣe. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dènà àwọn olólùfẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí bí ìdènà yẹn kò bá lágbára mọ́ lóde òní, ìtàn náà yóò tú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ mú Pride and Prejudice tí Jane Austen gbé jáde ní 1813. Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ ka owó inú rẹ̀. Baba Elizabeth, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ń rí 2,000 pọ́n-ùn lọ́dún lórí ilẹ̀ rẹ̀, Darcy, ọkùnrin tí Elizabeth fẹ́ níkẹyìn, ń rí 10,000, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin márùn-ún ni baba náà bí láìbí ọkùnrin kankan, nítorí náà, bí ó bá kú, Collins tó jẹ́ ìbátan wọn ni ilẹ̀ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Collins yìí kan náà ló wá ní òun yóò fẹ́ Elizabeth, tí ọmọbìnrin náà sì kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ogún kúrò, kò sí ewu kankan nínú kíkọ̀ yẹn mọ́, ẹkún ìyá rẹ̀ yóò sì di ariwo lásán. Nígbà tí Ibi Zoboi gbé ìtàn náà lọ sí Bushwick ní Brooklyn nínú ìwé rẹ̀, Pride, ní 2018, kò wá òfin ogún kiri. Àwọn olówó tó ń ṣí wọ àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ló fi rọ́pò rẹ̀. (Yorùbá tó bá ka ìwé náà yóò bá Ọ̀ṣun pàdé níbẹ̀, nítorí pé olórìṣà ni onílé ìdílé tí ìtàn náà dá lé.)

Jane Eyre ti Charlotte Brontë le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1847 tó jáde, kò sí bí Rochester, ọkùnrin tí Jane nífẹ̀ẹ́, ṣe lè kọ ìyàwó tí orí rẹ̀ dàrú sílẹ̀ kí ó sì fẹ́ ẹlòmíràn, ló bá tì í mọ́ yàrá kan lókè ilé. Lónìí, ilé ẹjọ́ lè tú ìgbéyàwó náà ká, nítorí náà ẹ ní láti wá ìdí mìíràn tí ọkùnrin náà fi ń purọ́. Èmi yóò fi í sínú owó, pé ti ìyàwó ni ilé àti ọrọ̀ tó fi ń ṣe fáàrí. Ẹ sì lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Jane pátápátá: ní 1966, Jean Rhys gbé e fún ìyàwó tí wọ́n tì mọ́lé nínú Wide Sargasso Sea.

Ẹ̀tọ́ Austen àti Brontë lórí ìwé wọn ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ti Rhys àti Zoboi ṣì wà, nítorí náà inú ògbólógbòó ìwé náà gan-an ni kí ẹ ti bu omi.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fún ẹni tí kò ka ti àtijọ́ rí. Bí ó bá béèrè pé, “Kí ló dé tí wọn ò kàn fẹ́ra wọn?”, ẹ padà sídìí ìdènà.