Bí A Ṣe Ń To Orúkọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Tí Ó Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Mu

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan sílẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ kọ: ẹ̀kọ́ tí ó wù ú, bí ibẹ̀ ṣe lè jìnnà sí ilé tó, àti iye tí ẹbí lè san lọ́dọọdún.

Kí ó fi orúkọ bí 20 bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa yọ wọ́n títí yóò fi ku bíi 8. Kí ó ka àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ni lọ́dún kọ̀ọ̀kan dáadáa, nítorí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ohun tí ó wà nínú wọn yàtọ̀ pátápátá. Ní ti owó, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, kí a ṣírò ilé gbígbé, oúnjẹ àti ìwé mọ́ owó ilé-ìwé.

Ó kéré tán, kí 2 nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó kù jẹ́ èyí tí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ náà tó wọ̀ dáadáa, tí inú rẹ̀ yóò sì dùn láti lọ.